Mo Fi Fíìmù Kejì Lé Ẹyẹ Nínú Oko Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn lójú ìwé yìí, mo kí yín o. Arúgbó ni mí. Mi ò kọ irú ìwé báyìí rí. Nǹkan kan ti wà láyà mi láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, mo sì ti rò pé mo máa gbé e wọ ilẹ̀ lọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá bà mí lẹ́rù débi pé mi ò lè jẹ oúnjẹ tán nínú abọ́ mọ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ náà máa débi tí kò ní ṣeé tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi.

Inú káyé, ìwé ìkọ̀wé tí ọmọ ọmọ mi kò kọ tán níléèwé, ni mo ti ń kọ ọ́. Kíláàsì kẹta ni èmi fúnra mi dé. Yorùbá tí ẹ ń kà yìí, Ṣakí ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí mo ti lọ ṣiṣẹ́ oko olóko fún ọdún méjì. Bí èdè Ìdáàṣà tèmi bá yọ jáde níbì kan, ẹ gbójú fò ó.

Ní àwọn òkè tiwa níhìn-ín, Ògbufọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Bí mo ṣe gba orúkọ náà nìyí. Àlájì kan wà tó ń ta aṣọ nínú ọjà Ìdáàṣà, ó ti dolóògbé. Ó kọ́ ilé fídíò kan sí abúlé Kèrè: pákó ìjókòó, tẹlifíṣọ̀n kan, àti gúrúpù, ẹ̀rọ amúnáwá kan, tó ń ké lẹ́yìn ilé kí iná lè wà. Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni a máa ń wo fíìmù. Nàìjíríà ni kásẹ́ẹ̀tì ti ń wá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ nínú rẹ̀. Ẹnì kankan nínú wa kò gbọ́ ọ. Mo wá lọ bá Àlájì, mo ní mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣebí mo gbé Ṣakí. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ kò ju èyí tí ọ̀gá mi fi ń pè mí wá síṣẹ́ àti èyí tó fi ń lé mi lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kí n máa sọ fún èrò ohun tí àwọn inú rẹ̀ ń wí. Mo máa ń dá wo kásẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kí èrò tó dé, kí n lè mọ ẹni tó máa kú àti ẹni tó máa sá. Gbogbo ìyókù, orí mi ni mo ti ń mú un jáde. Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Tré, láti Lèma, wọ́n tó igba nínú ilé náà. Rárá, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ilé náà kò gbà ju ogójì lọ.

Fíìmù tí a fẹ́ràn jù ni èyí tí àwa fúnra wa sọ ní Olùṣọ́ Omi. Ó jẹ́ ìtàn ayé tí ń bọ̀, tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí àwọn ẹ̀rọ onírin ń sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀run wá fa omi inú kànga mu. Ọkùnrin kan ló ń bá wọn jà, òun là ń pè ní Olùṣọ́. Ẹ mọ bí omi ṣe ń wọ́n lórí òkè wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti na ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sínú kànga, àwọn obìnrin tó wà nínú ilé fídíò á bú u tìyá tìyá.

Ní òpin fíìmù àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà gé apá òsì Olùṣọ́ ní èjìká. Ó ṣubú sínú ọ̀gbun. Fíìmù parí síbẹ̀. A sunkún, àti èmi tí mo ti wò ó láàárọ̀.

Nígbà tó yá, Àlájì ra òmíràn. Kásẹ́ẹ̀tì kẹta ni, kò rí ìkejì rà. Bí mo ṣe tan án, Olùṣọ́ ló jáde yìí, ó wà láàyè, apá rẹ̀ méjèèjì pé. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé omi fún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ wojú rẹ̀.

Ẹnu ya gbogbo wa. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni a fi ń fa ọ̀rọ̀ yẹn. Alágbẹ̀dẹ wa ní wọ́n lọ́ apá náà mọ́ ọn bí a ṣe ń lọ́ igi ọsàn mọ́ra. Ọkùnrin kan láti Tré ní àwọn ẹ̀rọ ló dá apá padà nítorí pé ẹ̀bi wà nínú wọn. Obìnrin aránṣọ kan ló wá sọ̀rọ̀ tó dun mọ́ mi. Ó ní kí a wo ẹ̀wù ọkùnrin náà dáadáa, ó ti há a léjìká. Ó ní ẹni tí wọ́n rán ẹ̀wù yẹn fún kọ́ ló wọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yọ. Mo fi igi mi kan tẹlifíṣọ̀n, mo ní ọ̀rọ̀ parí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní Olùṣọ́ ti kú sínú ọ̀gbun. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ ló gbé ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀, tó gba orúkọ rẹ̀, kí àwọn ẹ̀rọ má bàa mọ̀ pé kànga kò ní olùṣọ́ mọ́. Àwọn àgbà ìdílé sì jókòó, wọ́n fi opó fún un, ó ṣú u. Ṣé ẹ wá rí i bí obìnrin náà kò ṣe lè wojú rẹ̀? Ìtìjú opó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Kò sí ìdílé tó wà níbẹ̀ tí wọn kò ti ṣú opó rí, àfi àwọn tí fádà ti kọ̀ fún, àwọn náà sì mọ bó ṣe ń rí. Ìyá arúgbó kan dìde, ó ní òun mọ̀, òun mọ̀ látìgbà tí obìnrin yẹn ti gbé igbá omi sílẹ̀ láìkúnlẹ̀. Ohun tí mo sọ kò kù síbì kan. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé mi, mi ò pa èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà. Matiasi ni, ọ̀rẹ́ mi. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó sí níléèwé. Èmi sá kúrò, òun kàwé títí ó fi gba sẹ̀tífíkà. Ó gbọ́ Faransé dénú. Ó ti kó iṣu lọ sí Kútọnu, ó sì ti wo fíìmù kejì níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi Faransé sọ. Ó dìde, ó ní Olùṣọ́ kò kú. Ó ní wọ́n rí i nínú ọ̀gbun, wọ́n tẹ́ ẹ sínú yìnyín, ó sùn fún ọdún méje. Wọ́n gbin apá tuntun fún un nínú ìgò ńlá kan, apá náà ń hù díẹ̀díẹ̀, ìka rẹ̀ ń jáde bí ewé. Ìyàwó rẹ̀ kò wojú rẹ̀ nítorí pé ó ti darúgbó ju ọkọ tó sùn lọ, ojú ń tì í.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín! Apá hù nínú ìgò. Mo bá wọn rín in, mo sì fi tèmi kún un. Mo bi í bóyá ìgò ọtí ni àbí ìgò epo. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Alápá-Ìgò.

Bó bá parí síbẹ̀ ni, mi ò ní máa kọ ìwé yìí.

Àlájì rí kásẹ́ẹ̀tì kejì rà ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Ó gbé e fún mi kí n kọ́kọ́ wò ó, bí a ti máa ń ṣe. Mo jókòó ní èmi nìkan láàárọ̀. Mo sì rí yìnyín. Mo rí ìgò náà, ó ga tó ènìyàn. Mo rí apá nínú rẹ̀, àwọn ìka ń jáde, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ohun tí Matiasi sọ kò fi ìka kan yàtọ̀.

Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo sọ fún Àlájì pé ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́. Mo gbé e lọ sóko, mo fọ́ ike rẹ̀, mo sì fa okùn dúdú inú rẹ̀ jáde. Ó gùn ju bí mo ti rò lọ. Mo so ó mọ́ igi yí oko ọkà bàbà mi ká kí ẹyẹ ẹ̀ga má bàa jẹ ẹ́, bí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ṣe sí kásẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́. Ó ń tàn nínú oòrùn, afẹ́fẹ́ ń fọn ún. Lọ́jọ́ kan Matiasi ń kọjá lọ, ó dúró. Ó fọwọ́ kan okùn náà, ó ní èyí mà dára o, ẹyẹ kankan kò ní sún mọ́ ibí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè ìdí. Mo ti bi ara mi. Ojú ogójì ènìyàn ni mo ti sọ̀rọ̀. Òun ló ti ń mọ ìwé jù mí láti kékeré, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo borí rẹ̀, mi ò sì fẹ́ dá ọjọ́ náà padà.

Ẹ̀yin á ní fíìmù lásán ni. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n pe Matiasi ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn ará ilé ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ gba ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Lèma. Igi àràbà kan ni ààlà, wọ́n ti gé e lulẹ̀, wọ́n ní kò sí igi níbẹ̀ rí. Matiasi bọ́ síwájú àwọn àgbà, ó ní òun rí igi náà pẹ̀lú ojú òun méjèèjì, òun mọ ibi tó dúró sí. Ọ̀kan nínú wọn wá bi í pé ṣé ojú tó rí apá nínú ìgò náà ni. Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wúlò mọ́. Àbúrò rẹ̀ pàdánù ilẹ̀ náà, ó kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì padà wá títí tó fi kú.

Mo wà níbẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

Matiasi kò wá sí ilé fídíò mọ́. A ṣì ń kíra, a ṣì ń jókòó pa pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ fíìmù mọ́. Ilé fídíò wó. Ojú Matiasi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó sì fọ́ pátápátá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kilaríìsì, tí wọ́n ń pè ní ọmọ Alápá-Ìgò títí ó fi jáde iléèwé, dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó ń gbé ní Parakú. Òun ló ń wá fíìmù náà kiri lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń kó fíìmù sínú fóònù fún ènìyàn. Mi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Mo bá Matiasi lórí àpáta pẹlẹbẹ tó wà níwájú ilé rẹ̀, ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ gba Ara Olúwa. Kilaríìsì kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní òun ti rí i, ó wà nínú káàdì kékeré kan. Ó fi káàdì náà sínú fóònù lójú mi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ń kọjá nísàlẹ̀ ní kíkọ. Ó ní òun fúnra òun kò tíì wò ó, ẹnu bàbá òun ni òun fẹ́ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Baba, ẹ bá wọn wò ó. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yẹn." Ó sì lọ síbi ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo bi Matiasi pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ fún un.

Ó ní, "Bí ọmọ mi bá sọ ọ́, wọ́n á ní àwa méjèèjì la gbìmọ̀. Ẹnu tìrẹ ló sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu tìrẹ náà ni mo fẹ́ kó sọ ọ́."

Mo tan fóònù. Mo sọ fún un nípa ọ̀gbun, mo sọ nípa àwọn ẹ̀rọ, òótọ́ ni mo ń sọ. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún mi. Nígbà tó ṣe, yìnyín dé. Ìgò náà dé, ó ń tàn, apá náà wà nínú rẹ̀ gan-an bó ti wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo la ẹnu mi láti sọ ọ́. Ọlọ́run gbọ́, mo là á láti sọ ọ́.

Ohun tí mo gbọ́ tó jáde ni pé, "Àbúrò rẹ̀ ti dé. Ó ń gbé ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀."

Mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnu mi ti mọ ọ̀nà yẹn, ó gba ibẹ̀ lọ kí n tó fà á.

Matiasi gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí orúnkún mi. Ó wá bi mí, "Ìgò ńkọ́?"

Mo ní mi ò rí ìgò.

"Yìnyín ńkọ́? Wò ó dáadáa, Ògbufọ̀."

Mo ní kò sí yìnyín. Mo ń sọ ọ́, ìka ń jáde lójú mi nínú ìgò.

Mo rò pé ó máa bínú. Mo fẹ́ kó bínú. Bó bá pè mí ní òpùrọ́ nígbà yẹn, ǹ bá ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ̀kalẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ẹsẹ̀ mi lórí àpáta, ó dì í mú. Ó ní, "Dárí jì mí. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń pè ọ́ ní òpùrọ́ nínú ọkàn mi. Gbogbo Àjíǹde ni mo ń jẹ́wọ́ rẹ̀ fún fádà, pé mo kórìíra rẹ. Àṣé ojú mi ló ń tàn mí."

Ó tún sọ ohun kan, òun ló ń jí mi láti ọjọ́ náà. Ó ní, "Bóyá igi àràbà yẹn náà kò sí níbẹ̀. Àwọn nǹkan tí mo rí kí ojú mi tó fọ́ ló kù tí mo ń wò. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn mọ́."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Kilaríìsì lẹ́yìn ilé, ó ń kí ẹnì kan. Ẹ̀rù bà mí. Mo fa káàdì náà yọ, mi ò mọ ibi tí mo máa fi sí, mo jù ú sẹ́nu. Ó kéré bí èékánná. Kilaríìsì dé, ó kí mi, mo gbọ́dọ̀ dáhùn, mo bá gbé e mì. Mo mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin á ní àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn. Ó wo fóònù, kò rí káàdì nínú rẹ̀, ó rò pé ó já bọ́ sílẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá orí àpáta. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bá a wá a.

Bàbá rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀, òun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ti ọ̀la, lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, èyí tó ń bọ̀ yìí, òun á dúró níwájú ìjọ, òun á sọ pé òun purọ́ nípa fíìmù yẹn, òun sì ṣẹ Ògbufọ̀. Kilaríìsì gbé ìgbálẹ̀ náà sílẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń wò mí.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù báyìí. Mo ti rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ bá a ní òun nìkan kí ọjọ́ Àìkú tó dé, àbí kí n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó la ẹnu? Bí mo bá dìde, ta ló máa gbà mí gbọ́? Gbogbo wọn mọ̀ mí. Wọ́n á ní Ògbufọ̀ ṣàánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ afọ́jú, ó tún ti pa ìtàn mìíràn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe kọ́ wọn láti rín in. Nínú ẹ̀rí méjì tó wà, èyí àkọ́kọ́, òjò àti oòrùn ti jẹ ẹ́ tán lóko mi. Èyí èkejì, inú mi ló wọ̀ lọ.

Mo ń fi ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí dán an wò ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Kò sí àbúrò kankan. Ẹnì kankan kò ṣú opó. Wọ́n tẹ́ ọkùnrin náà sínú yìnyín, apá rẹ̀ sì hù nínú ìgò, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Matiasi rí i. Èmi náà rí i, lẹ́ẹ̀mejì.